Bóòtù wo ló di hándù mú gan-an? Àlàyé lórí mímú hándù súkútà, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù tọ́

Bí hándù kẹ̀kẹ́ tàbí ti súkútà (èyí tí a ń dúró lé lórí) bá wọ́, bóòtù tó wà lókè téńté ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ bá. Wọ́n á ki álẹ́ńkì bọ inú rẹ̀, wọ́n á fún un títí ọwọ́ á fi máa ro wọ́n. Tí wọ́n bá gùn ún jáde, hándù á tún wọ́. Wọ́n á padà wá bá bóòtù yẹn kan náà. Nígbà tó bá yá, hándù á le débi pé kò ní fẹ́ yí sọ́tùn-ún sósì mọ́, síbẹ̀ kò ní yéé wọ́.

Bóòtù yẹn kọ́ ló di hándù mú. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kẹ̀kẹ́ àti súkútà òde òní, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fa àwọn ohun tó wà lọ́rùn pọ̀ mọ́ra kí bíárìn má baà máa mì. Àwọn bóòtù kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló di hándù mú kó má yí. Iṣẹ́ méjì ni, bóòtù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe wọ́n, èyí tí a bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ṣe pàtàkì ju bí apá wa ṣe lágbára tó lọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná nìyí, nítorí hándù tó bá yẹ̀ lórí eré, kì í fún èèyàn láyè láti ronú.

Ẹ jẹ́ ká mọ ara kẹ̀kẹ́ ná. Fọ́ọ̀kì ló di táyà iwájú mú. Láti orí fọ́ọ̀kì, ọ̀pá kan gòkè, ó gba inú ọrùn férémù kọjá, ó sì yọ lókè. Ọ̀pá ọrùn ni mo máa pè é. Bíárìn méjì ló wà nínú ọrùn náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn ló ń jẹ́ kí hándù máa yí geere. Kílámpù ló wá so hándù mọ́ ọ̀pá ọrùn. Lórí kẹ̀kẹ́, kílámpù yìí ní ojú méjì: ojú ẹ̀yìn gbá ọ̀pá ọrùn mú, ojú iwájú gbá hándù mú. Lórí ọ̀pọ̀ súkútà, hándù fúnra rẹ̀ ló dúró lórí ọ̀pá ọrùn, tí kílámpù kan ṣoṣo sì gbá àwọn méjèèjì pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe hándù rẹ̀, torí àtúnṣe wọn ò jọra. Ó lè jẹ́ pé ó wọ́ lásán: táyà kọjú síwájú, hándù kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń yọ̀: tí ẹ bá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, á yí lọ sísàlẹ̀ nínú kílámpù, tàbí tí ẹ bá fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú mọ́ àárín, tí ẹ wá lọ́ hándù, hándù á yí kí táyà má yí. Ó sì lè jẹ́ pé ọrùn ló ń mì, tí ẹ á máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ níwájú bí ẹ bá ti kọ lu kòtò.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọrùn ló ń mì ni pé kí ẹ di bíréèkì iwájú mú, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwájú, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì sí ibi tí ọrùn férémù ti pàdé òrùka tó wà lórí rẹ̀. Bí ohun kan bá ń yẹ̀ lábẹ́ ìka yín, bíárìn ò fún tó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: páàdì bíréèkì oníàwo náà máa ń yẹ̀ díẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ó sì lè tan yín jẹ. Ẹ yí hándù sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá, kí ẹ tún dán an wò. Bí ìmì náà ò bá kúrò ní ọrùn, ọrùn ló ni ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ kúrò nílẹ̀. Hándù gbọ́dọ̀ yí lọ sí apá méjèèjì láìsí pé ẹ̀ ń fi agbára tì í. Bó bá le, bóòtù òkè ti fún jù. Bó bá ń yí dáadáa, àmọ́ tó máa ń há síbì kan láàárín gangan bí ẹni pé ihò wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà bíárìn ti jìn sínú nìyẹn. Kò sí fífún tàbí títú tó máa wò ó sàn. Bíárìn tuntun ló kù.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ wá dà? Ẹ kọ́kọ́ tú àwọn bóòtù ẹ̀gbẹ́ tó fún kílámpù mọ́ ọ̀pá ọrùn. Ẹ má yọ wọ́n jáde. Kí kílámpù ṣáà ti lè yí. Ìgbà yẹn lẹ tó lọ sí bóòtù òkè. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa di bíréèkì mú láti dán an wò. Ibi tí ìmì náà bá ti dópin ni kí ẹ dúró. Ẹ gbé táyà sókè, kí ẹ rí i pé hándù ṣì ń yí geere. Ẹ wá mú hándù tọ́ sí táyà. Tó bá ti tọ́, ẹ fún àwọn bóòtù ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan díẹ̀, èkejì díẹ̀, títí wọ́n á fi le bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ti le, bóòtù òkè ti parí iṣẹ́ rẹ̀; bí ẹnì kan bá tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò, hándù ò ní yẹ̀. (Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ yọ ọ́ o, torí ìdérí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dènà omi.)

Bí ẹ bá wá fún bóòtù òkè nígbà tí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ṣì le, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kílámpù ti gbá ọ̀pá ọrùn mú, kò lè sún sísàlẹ̀. Gbogbo agbára ọwọ́ yín á lọ sórí nọ́ọ̀tù kékeré tó há sínú ọ̀pá ọrùn, á sì máa fà á gòkè títí á fi tú kúrò níbi tí wọ́n há a sí. Iṣẹ́ kékeré á wá di iṣẹ́ ńlá. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò: orí ọ̀pá ọrùn gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mílímítà 3 rẹlẹ̀ sí etí òkè kílámpù. Bó bá ga dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, ìdérí á jókòó lórí ọ̀pá, kò sì ní rí nǹkan kan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ lè fún un dọ̀la, ọrùn á ṣì máa mì. Òrùka tín-ín-rín kan tí ẹ bá fi kún un lábẹ́ ìdérí ló máa yanjú rẹ̀.

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tó bá ń fún bóòtù òkè, nítorí pé lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, bóòtù òkè náà ló di hándù mú lóòótọ́. Ọdún 1992 ni wọ́n fún John Rader ní ìwé ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún irú ọrùn tí mo ṣàlàyé tán yìí. Kó tó di pé ó gbalẹ̀, ohun tó wọ́pọ̀ ni ọ̀pá tín-ín-rín kan tó wọ inú ọ̀pá ọrùn lọ, tí bóòtù gígùn kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Nísàlẹ̀ bóòtù yẹn, irin kan tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Bí a bá ti ń fún bóòtù, irin yìí á máa gòkè, á sì fún ara rẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀pá ọrùn láti inú. Irú èyí ṣì pọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Dídá wọn mọ̀ kò le: bí ọ̀pá tó gbé hándù bá tín-ín-rín ju ọrùn lọ, tó sì wọ inú rẹ̀ lọ láìsí bóòtù kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti àtijọ́ ni.

Ohun tó ń dààmú èèyàn lórí ti àtijọ́ ni pé wọ́n á ti tú bóòtù, hándù ò sì ní mira. Irin ìsàlẹ̀ yẹn ṣì há síbẹ̀ ni. Ẹ tú bóòtù ní ìyípo 3 tàbí 4, kí orí rẹ̀ yọ sókè díẹ̀, ẹ gbé pátákó lé e, kí ẹ fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan. Irin náà á já bọ́, hándù á sì yí. Bí ẹ bá fẹ́ kí hándù ga sí i, ẹ wo ìlà tí wọ́n fín sára ọ̀pá rẹ̀. Ìlà yẹn kò gbọ́dọ̀ hàn síta láé. Bó bá hàn, ọ̀pá tó kù nínú kò tó láti gbé ara èèyàn. Bíárìn ti irú ọrùn yìí, nọ́ọ̀tù ńlá méjì tó yí ọrùn ká ló ń fún un, bóòtù òkè ò dá sí i.

Mímú hándù tọ́ fúnra rẹ̀, ojú ló ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni fẹ́ lọ, ẹ wo hándù pẹ̀lú èjìká méjì fọ́ọ̀kì, kì í ṣe pẹ̀lú férémù. Bí ẹ bá gbé ọ̀pá tó gún régé dábùú iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì fọ́ọ̀kì, á rọrùn láti rí i bóyá hándù dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má fún bóòtù ẹ̀gbẹ́ le kí ẹ tó wò ó. Ẹ fún un débi tí hándù á fi lè yí bí ẹ bá fi agbára díẹ̀ lọ́ ọ, kó má sì yí fúnra rẹ̀.

Ojú iwájú kílámpù, níbi tí hándù jókòó sí, sábà máa ń ní bóòtù 4. Ẹ máa fún wọn ní ìdábùú: ọ̀kan lókè lọ́tùn-ún, èyí tó kàn nísàlẹ̀ lósì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo òkè àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, àyàfi bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ pa apá kan dé. Ìgbà yìí náà lẹ máa yí hándù síwájú tàbí sẹ́yìn kó lè bá ọwọ́ yín mu. Ẹ jókòó, ẹ na ìka sórí bíréèkì: ìka, ọrùn ọwọ́ àti apá gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Bóòtù tó so bíréèkì mọ́ hándù, ẹ fún un kó dúró, àmọ́ ẹ má fún un débi tí kò ní lè yí bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú. Bíréèkì tó yí, a lè dá a padà. Èyí tó kán, ẹ má retí pé á tún di ohun kan.

Súkútà ọmọdé tó ní ọ̀pá tó ń gùn tó ń kúrú yàtọ̀ díẹ̀. Ó ní lífà tí a ń ṣẹ́ pọ̀, ó sì sábà máa ń ní bọ́tìnì tó ń yọ sínú ihò. Bọ́tìnì yẹn gbọ́dọ̀ yọ síta tán kí ẹ tó ṣẹ́ lífà. Lífà náà ní bóòtù tó ń pinnu bó ṣe máa le tó: ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà tó bá na síta gbọọrọ, kí àmì rẹ̀ sì hàn ní àtẹ́lẹwọ́ yín bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ìparí. Bó bá rọrùn láti tẹ̀, kò di ohunkóhun mú. Gíga hándù ò ní òfin líle. Bí ọmọ bá dúró lórí súkútà, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀, kó má tẹ̀ síwájú, kí èjìká rẹ̀ má sì gòkè.

Súkútà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fò ní pápá ìṣeré ní kílámpù oníbóòtù 2, 3 tàbí 4. Òfin ọrùn tí mo sọ lókè kan náà ló bá a mu: bóòtù tó ń fa bíárìn pọ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ fún, yálà inú hándù ló fara pamọ́ sí ni o, tàbí inú kílámpù, kí ẹ tó fún àwọn ti ẹ̀gbẹ́. Ohun tó máa ń da iṣẹ́ wọn rú ni ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ hándù irin jẹ́ mílímítà 31.8 níta, èyí tí wọ́n ń pè ní HIC (irú tí bóòtù tó ń fa bíárìn pọ̀ fara pamọ́ sínú hándù) sábà máa ń jẹ́ 34.9. Ẹni tó bá fi hándù 31.8 sínú kílámpù 34.9 láìfi òrùka àfikún sí i, á fún bóòtù títí eyín rẹ̀ á fi jẹ, hándù á sì máa yí. Bákan náà lórí kẹ̀kẹ́, 25.4, 31.8 àti 35 wà, wọn kì í rọ́pò ara wọn. Agbára ọwọ́ kì í tún àṣìṣe ìwọ̀n ṣe.

Súkútà oníná tó ń ká pọ̀ ló gba ìṣọ́ra jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ibi ìká rẹ̀ jẹ́ ibòmíràn tó lè tú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Xiaomi, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, ké sí àwọn tó ra súkútà oníná rẹ̀ kan pé kí wọ́n dá a padà fún àtúnṣe. Súkútà 10,257 lọ́rọ̀ náà kàn, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín October 27 sí December 5, 2018. Síkúrù kan níbi ìká lè tú, kí ọ̀pá tó gbé hándù sì kán bí èèyàn ti ń lọ lórí rẹ̀. Síkúrù kan ṣoṣo ni o. Nítorí náà, bí hándù súkútà oníná bá ń mì síwá sẹ́yìn, ẹ wo ibi ìká kí ẹ tó wo ọrùn: ẹ fi ìka sí ojú ìpàdé rẹ̀, kí ẹ ti hándù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní bóòtù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífà ìká tí a fi ń mú kó fún sí i. Bí ẹ bá ti fún un, tí ìmì náà ò kúrò, irin róbótó tó gba àárín ibẹ̀ tàbí ìkọ́ rẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ má gùn ún mọ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Bóòtù dà bí rọ́bà: bí a bá ń fún un, ṣe ló ń gùn díẹ̀, wíwù tó wu ú láti padà sípò ló sì ń fa irin méjì mọ́ra. Bí ẹ bá fà á kọjá ààlà, kì í lè padà mọ́. Ó ti kú, bí orí rẹ̀ ò tiẹ̀ tíì já. Ilé iṣẹ́ máa ń kọ ìwọ̀n sára kílámpù pẹ̀lú àmì Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù. Lórí kẹ̀kẹ́, 4 sí 6 Nm ló wọ́pọ̀. Bí a bá ní ká fi ojú rí i, 5 Nm lórí álẹ́ńkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 jẹ́ bí ẹni gbé ẹrù kílò 5 kọ́ sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé kò pọ̀. Ọwọ́ ọkùnrin tó ń bínú lè ṣe ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹ bá lè rí sípánà tó ń wọn agbára, ẹ lò ó. Lójú tèmi, lórí hándù kábọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun tí a lè yọ sílẹ̀, nítorí kábọ́ọ̀nù máa ń là láìfi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀. Ìpara oníyanrìn pàtàkì kan wà tí wọ́n ṣe fún kábọ́ọ̀nù, òun ló ń jẹ́ kó dúró láìfún un jù. Gíríìsì ò gbọ́dọ̀ kan ibi tí hándù àti kílámpù ti fara kanra. Eyín bóòtù ni àyè gíríìsì.

Bóòtù tó le dáadáa náà lè tú. Ní 1969, Gerhard Junker, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, fi hàn pé ìmì tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń tú bóòtù jù. Bí àwọn irin méjì tí bóòtù dì pọ̀ bá ti ń yọ̀ lórí ara wọn, bóòtù á máa yí padà díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí, bóòtù tó fún díẹ̀ jù ló ń yára tú. Táyà kékeré súkútà, tó ń kó gbogbo gbùdù-gbudu ọ̀nà sínú hándù, ló ń fojú bóòtù rí jù. Gọ́ọ̀mù ìdì-bóòtù aláwọ̀ búlúù ṣiṣẹ́ dáadáa níbi ìká, sípánà ṣì lè tú u. Ẹ yẹra fún aláwọ̀ pupa, torí iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ kí ó tó tú. Ẹ lè fi ọ̀dà fa ìlà kan gba orí bóòtù kọjá sára kílámpù. Bí ìlà náà bá ti gé sí méjì, bóòtù ti yí. Èyí kò gba ìṣẹ́jú kan láti wò kí ẹ tó gùn ún.

Lórí alùpùpù, òfin àlàfo yí padà. Hándù jókòó sínú kílámpù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bóòtù méjì. Ọ̀pọ̀ kílámpù ní àmì kékeré kan lórí tó gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, hándù náà sì ní àmì tó gbọ́dọ̀ bá etí kílámpù dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní kí a fún bóòtù iwájú le tán kí a tó fún ti ẹ̀yìn, kí àlàfo wà lẹ́yìn nìkan. Ẹni tó bá gbé àṣà kẹ̀kẹ́ wá síbí, tó ń wá àlàfo tó dọ́gba níwájú lẹ́yìn, ń ṣe òdìkejì ohun tí ìwé wí. Nǹkan bíi 20 sí 28 Nm ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rọ yín ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Bí alùpùpù bá ṣubú, tí hándù sì wọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni hándù ti tẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ méjèèjì fọ́ọ̀kì ló lọ́ nínú àwo irin méjì tó dì wọ́n mú. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á gbé iwájú rẹ̀ dúró, á tú bóòtù àwo àti ti àárín táyà díẹ̀, á lọ́ fọ́ọ̀kì padà sípò, á sì fún wọn padà bó ṣe yẹ. Ẹ béèrè nípa èyí kí ẹ tó ná owó sórí hándù tuntun. Lẹ́yìn iṣẹ́ èyíkéyìí lórí hándù alùpùpù, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ yí hándù láti ìkángun òsì dé ìkángun ọ̀tún. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá ń ga bí hándù ṣe ń yí, okùn kan ń fà níbì kan. Lójú ọ̀nà, á fa yín síwájú nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà.

Sitíárìn ọkọ̀ tó wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóòtù àárín sitíárìn. Nọ́ọ̀tù táírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń bá sitíárìn yí táyà) lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe, lórí ẹ̀rọ tó ń wọn bí táyà ṣe dúró. Yíyọ sitíárìn ká lè tún un gbé jókòó kò dára rárá, àpò afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ tó lè bú gbàmù.  

Hándù alumíníọ̀mù tó bá tẹ̀, ẹ má nà án padà. Ibi tó ti tẹ̀ ti rẹ̀, nínà á sì tún mú un rẹ̀ sí i. Níbi etí kílámpù ló sì ti máa ń kán. Ẹ yọ kílámpù iwájú, ẹ nu hándù mọ́, kí ẹ wo ibẹ̀ lójú oòrùn. Ìlà tín-ín-rín tí èékánná ń kọ́, tàbí ibi tí etí kílámpù ti gé wọ inú hándù, ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀.